Èèpo Ni Ìyá Mi Fún Wọn

Bí ènìyàn bá fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ó fi àmì sí i. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọ́n á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní tíṣà ti tún bẹ̀rẹ̀. Kẹ́mísírì ni mo ń kọ́ wọn nílé-ìwé gírámà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, kì í ṣe èdè Yorùbá, wọn ò sì rí ohun tó kàn mí nínú àmì ohùn. Ohun tó kàn mí ni pé àìfi àmì sọ́rọ̀ ku díẹ̀ kó gba oko lọ́wọ́ ìyá mi.

Ìyá mi ń yan gàrí ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Kí n tó gbọ́njú ló ti ń yan án. Ilẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ sí wà lẹ́yìn ilé gàrí náà gan-an. Etí títì ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ títí dé ibi tí ilẹ̀ ti dà sódò. Ìyá tó bí ìyá mi ló fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ìyá mi àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájì. Wọn ò pín in rí. Ìyá mi ló ń dáko níbẹ̀. Àlàájì ní tirẹ̀ ń ta irin àti sìmẹ́ǹtì ní Ìjẹ̀bú-Òde, kì í sì í fẹ́ kí erùpẹ̀ kan bàtà òun. Ìyàwó rẹ̀ ni kì í kúrò nílé gàrí. Òun àti ìyá mi pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò mélòó kan ni wọ́n jọ ń yan án, Ìyàwó náà ni a sì ń pè é títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ní ọmọ-ọmọ.

Lọ́jọ́ kan, Àlàájì fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá mi. Ojú ìyá mi kì í rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ dáadáa, nítorí náà Ìyàwó ló kà á. Ohun tí Àlàájì tẹ̀ ni pé àwọn kan ń bọ̀ lọ́la lórí ọ̀rọ̀ "epo ege", kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí àlejò bá ìdọ̀tí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Lójú Àlàájì, epo ni, irú èyí tí a ń bù sínú mọ́tò, èyí tí àwọn kan fẹ́ máa fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Lójú Ìyàwó, èèpo ni, nítorí èèpo ló wà níwájú rẹ̀. Òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ ti ga lẹ́yìn ilé gàrí nígbà náà, ó ń rùn, eṣinṣin ń bò ó, àwọn aládùúgbò sì ti halẹ̀ pé àwọn á fẹjọ́ sùn. Ta ni ì bá sì wá nítorí èèpo ẹ̀gẹ́ bí kò ṣe wọlé-wọlé? Ìyàwó ka ohun tó wà nílẹ̀, ó sì kà á bí ó ti yẹ kí ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ kà á.

Ẹ̀rù bà wọ́n. Ìyá mi ní bí àwọn wọlé-wọlé bá ti ilé gàrí pa ní irú àkókò yìí, àwọn gbé. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi gbálẹ̀. Wọ́n kó èèpo sínú àpò, wọ́n di ẹnu rẹ̀, wọ́n sì tò ó sí etí títì bí ẹrù tó ń dúró de ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàájì dé pẹ̀lú ọkùnrin kan tó wọ bàtà roboto. Ẹnjiníà ló ń pè é. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ, Òyìnbó sì ni wọ́n ń sọ sí i nílé. Yorùbá ẹnu rẹ̀ tẹ́jú bí títì ọlọ́dà, kì í gòkè, kì í sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ sì ń dún lákọlákọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n kí ara wọn tán, Ẹnjiníà tẹ̀ síwájú, ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ epo ẹ̀gẹ́ yìí, ṣé ẹ fara mọ́ ọn? Ṣé kí àwa máa kó gbogbo ẹ̀?"

Ìyá mi ti ń gbàdúrà láti òwúrọ̀ pé kí wọ́n má ti òun mọ́lé. Ó wá rí ẹni tó fẹ́ bá a kó ìyọnu rẹ̀ dànù lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ẹ kó gbogbo ẹ̀, ọmọ mi. Ẹ má ṣẹ́ ẹyọ kan kù."

Ẹnjiníà bi í bóyá lọ́dọọdún ni. Ìyá mi ní títí ayé ni, bí wọ́n bá ti lè máa wá. Àlàájì dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá mi rò pé inú rẹ̀ dùn nítorí pé wọn ò bu owó ìtanràn lé wọn. Nígbà tí wọ́n lọ láìgbé àpò kankan, ó sọ fún Ìyàwó pé ó ní láti jẹ́ pé wọ́n á rán ọkọ̀ wá.

Èmi ò sí níbẹ̀. Àlàájì ló pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní ìyá mi ti gbà, pé alábùkún obìnrin ni, pé òun ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà á rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé kí ni wọ́n gbà. Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ilé-iṣẹ́ tí Ẹnjiníà ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ gba ilẹ̀ náà pátá. Igi ẹ̀gẹ́ tiwọn ni wọ́n á gbìn, gbogbo ohun tó bá so lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á kó lọ pọn bí ọtí, wọ́n á fi ṣe epo tí wọ́n ń lú mọ́ bẹntiróò. Gàrí kò sí nínú ẹ̀. Wọ́n á wó ilé gàrí, nítorí etí títì níbẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá máa gbà wọlé. Ó ní Ẹnjiníà á padà wá kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, kí ẹ̀gbọ́n òun lè fẹnu ara rẹ̀ fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ níwájú gbogbo wa.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìmùṣin. Ìyá mi ń kù gàrí lọ́wọ́. Mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, bóyá ó mọ ohun tó fi sílẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún un, asẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń dẹ̀, títí tí ó fi dúró.

"Èèpo ni mo fún wọn," ó ní. Ó tún un sọ fún Ìyàwó bí ẹni pé èmi ò sí níbẹ̀. "Èèpo. Àbí kí lo kà fún mi?"

Ìyàwó mú fóònù, ó tún un kà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa á, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mo ní kí ìyá mi pe Àlàájì kíá, kó sọ fún un pé àṣìgbọ́ ni. Kò pè é. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá di ohun tó ń ba ènìyàn lẹ́rù. Ìyá mi ò sọ "rárá" fún àbúrò rẹ̀ rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n sí nígbà tí ìyá wọn ń lọ ọjà, gàrí ló fi ran ìyá wọn lọ́wọ́ láti rán an nílé-ìwé, òun náà ló sì wá ìyàwó fún un. Ó ní Àlàájì ti sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn, ojú á tì í. Ó ní òun ti fi ẹnu òun sọ títí ayé níwájú àlejò. Mo ní nípa èèpo lẹ sọ ọ́. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní fi òun ṣe yẹ̀yẹ́?

Inú bí mi, mi ò ní fi bò. Ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ní kíláàsì tí mo ń kọ́, mo mọ àwọn ọmọ tí kì í jẹun kí wọ́n tó kúrò nílé, nítorí orí tábìlì ni wọ́n ń gbé orí wọn lé kí ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ tó parí. Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní gàrí ló tán nílé. Gàrí ni o. Ohun tí a fi ń bú ara wa tẹ́lẹ̀, pé lágbájá ò rí nǹkan jẹ, gàrí ló ń mu. Lónìí ẹni tó rí gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa bù sínú omi, tó tún rí ẹ̀pà dà sí i, kó dúpẹ́. Kóńgò rẹ̀ ti wọ́n débi pé àwọn kan ti ń rà á nínú ife. A wá fẹ́ já ẹ̀gẹ́ gbà lẹ́nu ọmọ ènìyàn, ká fi bọ́ mọ́tò.

Mo lọ bá Àlàájì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún un bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Mo sọ fún un pé èèpo ni ìyá mi gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní òun ò gbà á gbọ́, èmi ni mo lọ kọ́ ọ lọ́rọ̀. Lẹ́yìn náà ó wá bá mi sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ó bi mí pé ẹ̀rọ tí ìyá mi fi ń rin ẹ̀gẹ́, ṣé omi ló ń mu. Ó bi mí pé lọ́jọ́ tí bẹntiróò bá wọ́n, ta ni ó máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì tò sórí ìlà. Èmi ni. Ó ní ọkọ̀ tó ń gbé gàrí lọ Èkó, epo ló fi ń rìn. Nítorí náà ẹni tó bá ń sọ pé kí a má fi ẹ̀gẹ́ ṣe epo, òun náà ló ń sọ gàrí di ọ̀wọ́n. Ó ní bí ilẹ̀ ilé wa bá lè fún wa ní epo, a ò ní máa wo ojú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé bẹntiróò wá mọ́.

Kì í ṣe òpè, àbúrò ìyá mi. Mo jókòó sórí àpò sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ohun tí ènìyàn kì í jẹ ṣe epo náà.

Ó ní, "Bíi kí ni?"

Mo ní, "Bíi èèpo."

Ó tún bú sẹ́rìn-ín, ó pe ọmọọ̀ṣẹ́ rẹ̀ kó wá gbọ́ ohun tí tíṣà wí. Ẹ̀rín yẹn ló bá mi délé. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ìbínú sọ, mo wá rí i pé òótọ́ ni. Ohun tí ìyá mi fẹ́ fi ta wọ́n lọ́rẹ, ohun tí a torí rẹ̀ ń sá fún wọlé-wọlé, iná wà nínú rẹ̀. Mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ ènìyàn nínú kíláàsì, mi ò sì fi ọwọ́ mi ṣe é rí.

Mo pe ẹnì kan tí a jọ kàwé ní fásitì tó wà ní Ìjagun, tó ṣì ń kọ́ni níbẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe, pé bí èèpo bá jẹrà nínú ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, gáàsì á jáde lára rẹ̀, irú èyí tí a fi ń dáná. Ó ní kí n má gbàgbé ìgbẹ́ màlúù, nítorí ohun tó ń jẹ nǹkan náà jẹrà, inú màlúù ló ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé ìgbẹ́ màlúù láti odò ẹran sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá rí, ẹ mọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ awakọ̀. Ó ní bóyá n kò ní ọkọ ni. Mo ní mo ní, kó máa wakọ̀ rẹ̀ lọ.

Ìyá mi ò jẹ́ kí n gbé e wọlé. Ìgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàrí? Oúnjẹ tí àwọn ènìyàn fi ń ṣí ààwẹ̀ nígbà Ràmàdáánì? Ó ní nàjíísì ni, ẹ̀gbin tí ẹ̀sìn kọ̀, òun ò sì ní ru ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kí n lọ bi Áfà àdúgbò. Mo mú òun gan-an dání, kó má baà ní mo lọ purọ́. Áfà fara balẹ̀ gbọ́ wa, ó ní ẹran tí a bá lè jẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe nàjíísì nínú ìmọ̀ tí àwa ń tọ̀, ṣùgbọ́n kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ wa, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí kì í ṣe nàjíísì ló yẹ kó kan oúnjẹ. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fojú bú mi títí a fi délé. Ó ní kí n gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé òórùn rẹ̀ wá bá gàrí.

Dúrọ́ọ̀mù ńlá kan ni mo lò, èyí tí wọ́n fi ń gba omi òjò tẹ́lẹ̀. Mo ní kí onípáìpù kan bá mi lẹ ẹnu rẹ̀ pa, ó sì fi rọ́bà so ó mọ́ túùbù táyà tí gáàsì náà á máa wọ̀. Mo da ìgbẹ́ sí i, mo da omi sí i, mo sì rọ́ èèpo kún un. Mo rò pé bí èèpo bá ṣe pọ̀ tó ni iná á ṣe pọ̀ tó. Túùbù wú díẹ̀, mo ṣáná sí i, kò mú. Mo tún dúró, mo tún ṣáná, ó kàn ń rùn sí mi lójú ni. Ìyàwó kì í kọjá níbẹ̀ kó má bi mí bóyá ọbẹ̀ mi ti jinná. Àlàájì pàápàá gbọ́, ó sì kí mi lórí fóònù pé ẹ kú iṣẹ́ ilé ìgbẹ́.

Ìyá mi ló bi mí, bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú omi tí wọ́n fún jáde lára ẹ̀gẹ́, pé ṣé nǹkan inú dúrọ́ọ̀mù mi náà kan báyìí. Mo fi ọwọ́ lu orí. Èmi tíṣà kẹ́mísírì! Ó kan kọjá ààlà, ẹ̀dá inú ìgbẹ́ kò lè gbé inú rẹ̀. Mo kó púpọ̀ dànù nínú rẹ̀, mo bu eérú ìdí agbada sí i kí kíkan rẹ̀ lè rọlẹ̀, mo tún wá ìgbẹ́ mìíràn. Láti ìgbà yẹn, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń bọ́ ọ, bí ẹni ń bọ́ ọmọ aláìsàn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo dé láti Ìjẹ̀bú-Òde, túùbù náà ti wú, ó le. Mo so rọ́bà mọ́ ààrò kékeré, mo ṣáná. Iná náà jáde, aláwọ̀ búlúù, kò dún, kò sì lẹ́fín rárá. Mo pariwo, ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ bi mí ohun tó dé, gbogbo wọn ti sáré dé.

Ìyàwó gbé agbada kékeré lé e, ó da ẹ̀gẹ́ kíkù sí i. Ìyá mi gba ìgbakọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan án. Mo dúró, mò ń wò ó. Láti kékeré mi ni mo ti mọ ìyá mi pẹ̀lú etí ìró lójú, tó ń nu omi èéfín. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n tipẹ́, a ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Ó yan agbada yẹn tán, kò nu ojú. Mo wá rí i pé òun náà ti kíyè sí i, nítorí ó gbé ojú sókè sí mi, ó sì yára wo ibòmíràn.

N kò ní purọ́ fún yín. Gáàsì náà ò tó. Agbada kan péré ló ń yan kó tó tán, a sì ń fi igi ìdáná yan ìyókù títí di báyìí, bẹntiróò ni a ṣì ń dà sínú ẹ̀rọ. Ẹnjiníà ti sọ fún mi lórí fóònù pé èèpo ò lè bọ́ ilé-iṣẹ́ àwọn. Mo ní n kò bi í nípa ilé-iṣẹ́ wọn. Ohun tí dúrọ́ọ̀mù náà fún ìyá mi kì í ṣe epo ọkọ̀. Ó fún un ní ohun tó lè nawọ́ sí, kó ní tòun nìyí.

Ọjọ́ tí wọ́n padà wá, òjò ti ṣú, kò tíì rọ̀. Inú ilé gàrí la jókòó sí, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ. Àlàájì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti gbà láti ìjọ́sí, kí ó kàn fẹnu rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí Ẹnjiníà lè bá tirẹ̀ lọ. Ìyá mi wo ilẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé yóò gbà, nítorí náà èmi ni mo sọ pé rárá, a ò fi sílẹ̀.

Àlàájì yí sí mi. Kò pariwo. "Ìwọ ò ní ọ̀rọ̀ níbí," ó ní. "Ọmọ obìnrin ni ọ́. Ilé bàbá ẹ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ibẹ̀ ni kó o ti lọ sọ̀rọ̀ ilẹ̀."

Ìyá mi gbé orí sókè. Ó pè é, ó ní, "Àlàájì, ta ló fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ fún wa?"

Ó ní, "Ìyá wa ni."

"Ta ló fún ìyá wa?"

Ó ní, "Ìyá tiwọn."

"Bí ọmọ obìnrin ò bá ní ọ̀rọ̀ níbí," ìyá mi ní, "ó yá, dìde. Ká jọ máa lọ sílé bàbá wa."

Ìjẹ̀bú ni wá, gbogbo wa ló mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọmọ obìnrin ń jogún níbí, ẹ̀yìn obìnrin ni Àlàájì fúnra rẹ̀ gbà dé orí ilẹ̀ náà. Ẹnjiníà gbìyànjú láti gba ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ̀yin lẹ ní títí ayé."

Ìyá mi ní, "Èèpo ni. Mo ṣì dúró lórí ẹ̀. Títí ayé, èèpo." Ó wò mí, ó tún ọ̀rọ̀ náà rò. "Àti òun náà, ẹ máa bi ọmọ mi kẹ́ ẹ tó kó o, a ti ń lò ó báyìí."

Mo rí i pé ojú ti Àlàájì níwájú àlejò rẹ̀, ohun tí ìyá mi sì bẹ̀rù jù nìyẹn. Ó dìde. Ó ní kí wọ́n pín ilẹ̀ náà nígbà náà. Ó ní òun mú ọ̀nà títì, èyí tí ilé gàrí wà lórí rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n òun mú ọ̀nà odò. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n á bẹ òun. Èmi gan-an ti ya ẹnu láti bẹ̀ ẹ́.

"Mú un," ìyá mi ní.

Ó dìde, ó ká ìró rẹ̀ le, ó sì di etí kan agbada ńlá mú. Agbada yẹn wúwo, ènìyàn kan ò lè gbé e. Àwọn obìnrin tó kù wo Àlàájì, wọ́n wo ìyá mi. Kí n tó dé ibẹ̀, Ìyàwó ti dìde níwájú ọkọ rẹ̀, ó kọjá lára rẹ̀, ó di etí kejì mú. Àwọn méjèèjì gbé e jáde. Ìgbà yẹn ni gbogbo ilé wá dìde. Wọ́n kó asẹ́, wọ́n kó ìgbakọ, wọ́n tú ẹ̀rọ. Èmi àti obìnrin kan yí dúrọ́ọ̀mù lórí ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, òórùn náà bo gbogbo wa. Ẹnjiníà ní láti wa ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kí a tó ráyè kọjá. Ìsàlẹ̀ lọ́nà odò la kó gbogbo rẹ̀ sí, lábẹ́ igi, láìsí òrùlé. Òjò pa wá níbẹ̀ kí a tó rí nǹkan bò ó. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín nínú òjò náà. Mi ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Ààbọ̀ ilẹ̀ ò tó ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n gba ibòmíràn lọ. Mo gbọ́ pé wọ́n rí ilẹ̀ púpọ̀ gbà níbẹ̀. Ọlọ́run kó àwọn ará ibẹ̀ yọ. A kọ́ ilé gàrí tuntun. Mo tún dúrọ́ọ̀mù ṣe, mo sì fi èkejì kún un. Apá ti Àlàájì di igbó. Kì í yà lọ́dọ̀ wa mọ́. Nígbà Iléyá ó fi ẹran ránṣẹ́ sí ìyá mi, òun fúnra rẹ̀ ò wá. Ìyá mi sunkún lórí ẹran náà kó tó sè é. Mo ní ṣé ó kábàámọ̀ ni. Ó ní kí n gbẹ́nu sọ́hùn-ún, ṣé ènìyàn ò lè ṣe ohun tó tọ́ kó sì dùn ún ni.

Nígbà tí òjò tún dé, Ìyàwó pè wá lówùúrọ̀ Sátidé kan pé ká wá bá òun gbé igi ẹ̀gẹ́. Apá ti ọkọ rẹ̀ ló mú wa lọ. Ó ti ṣán an, ó ti jó o, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń ge igi ẹ̀gẹ́ ní kúkúrú, ó ń kì í bọlẹ̀, àwa náà bá a lọ́wọ́ sí i. A ti gbìn ín kọjá ààbọ̀ nígbà tí mọ́tò Àlàájì dúró lójú títì. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró sí ibi tí erùpẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó bi ìyàwó rẹ̀ pé ta ló ní kó gbin nǹkan síbẹ̀.

Ìyàwó ò gbé orí sókè. "Àlàájì," ó ní, "gàrí tí ẹ mu láàárọ̀ kí ẹ tó jáde, níbo lẹ rò pé ó ti ń wá?"

Àlàájì wò ó. Ó wo ìyá mi, ìyá mi kí i, ó sì jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ó ní kí a ṣáà má gbìn ín sún mọ́ títì jù, nítorí pé ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Ìyàwó gbìn ín dé etí títì.